Àbúrò Kọ́ Ni Ó Gé Ìpè: Bí A Ti Ń Tọpasẹ̀ Iṣẹ́ tí Ó Ṣìnà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ rírán àti iṣẹ́ jíjẹ́ jẹ́ ohun tí Yorùbá kà sí púpọ̀. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá gbé àrokò lọ sí ìlú òkèèrè ní láti mọ ọ̀nà àlọ, kí ó sì mọ ọ̀nà àbọ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí a jẹ́ tí èsì rẹ̀ kò padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rán an, ìdajì iṣẹ́ ni. Lóde òní, ẹ̀rọ ni ó ń ru àrokò wa. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Onitsha ṣe ibùgbé mọ̀ pé ẹ̀rọ náà a máa ṣìnà, àti pé bí ó bá ṣìnà, orí ènìyàn ni ẹ̀bi sábà máa ń já lé.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Ẹ̀gbọ́n ń ta aṣọ ní Ọjà Ńlá Onitsha, àbúrò rẹ̀ ń tà á ní Ìbàdàn. Wọ́n gba ìlà tẹlifóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì sí ṣọ́ọ̀bù méjèèjì kí owó ìpè lè fúyẹ́. Ẹ̀gbọ́n pe àbúrò. Aago dún, àbúrò gbé e, wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé. Bí ẹ̀gbọ́n ti ń ya ẹnu láti béèrè owó ọjà tí ó kù ni ìpè já. Ó tún pè, wọ́n tún kí ara wọn. Bí ó ti kan ọ̀rọ̀ owó ni ó tún já. Ẹ̀ẹ̀kẹta ńkọ́? Bákan náà ni. Bí ẹ̀gbọ́n bá sì wo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ rẹ̀, ohun tí yóò kà níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ àbúrò ni wọ́n ti gé ìpè náà. Ta ni kò ní bínú? Irú èyí ni ó máa ń di ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí, tí a ó máa pe àwọn àgbààgbà láti wá bá ọmọ ìyá méjì parí ìjà.

Ṣùgbọ́n bí a bá ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ìpè kọ̀ọ̀kan lò, a ó rí i pé iye kan náà ni, nǹkan bí 32. Ẹni tí ń sá fún gbèsè kò lè mọ̀ ọ́n wọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń ka àkókò báyìí. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé iṣẹ́ tí ó ṣìnà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣeé tọpasẹ̀, nítorí pé ó máa ń kọ ìrìn rẹ̀ sí ara, àti pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà kò ní fi ẹ̀bi ẹ̀rọ bú ará ilé.

Ẹ̀kọ́ inú gáréèjì

Ìlú Onitsha gan-an ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti tètè yé ènìyàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966 tí a ti ṣí afárá orí Odò Ọya tí ó so ìlú náà pọ̀ mọ́ Asaba, ibẹ̀ ni ẹrù ìlà-oòrùn ń gbà lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ogun abẹ́lé ba afárá náà jẹ́ ní ọdún 1967. A tún un ṣe, òun nìkan ni ó sì ń ru ẹrù wúwo náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí afárá kejì tó wá bá a pín in. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ìṣíde èkejì náà.

Ẹni tí ó bá ti fi ẹrù ránṣẹ́ láti Onitsha sí Ìbàdàn mọ wébìlì, ìwé tí akọ̀wé gáréèjì ń kọ orúkọ ẹni tí ó fi ẹrù ránṣẹ́ sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò gbà á àti nọ́ńbà fóònù àwọn méjèèjì. Bí ẹrù kò bá dé, akọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá ẹni tí ń retí ẹrù jà. Ìwé ni yóò mú. Yóò béèrè pé: ǹjẹ́ ó kúrò ní Onitsha? Ǹjẹ́ wọ́n rí i ní Bìní? Ta ni ó gbà á ní Ọrẹ̀? Láàárín ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn àti ibi tí wọn kò ti rí i rárá ni ẹrù náà wà. Àwọn tí ń tún tẹlifóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe kò ní ọgbọ́n mìíràn tí ó ju èyí lọ.

Ìwé tí ìpè ń gbé rìn

Kí GSM tó dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, tẹlifóònù onífọ́nrán ni a ń lò, 046 sì ni nọ́ńbà tí a fi ń mọ Onitsha. Ẹni tí ó bá tẹ 046 mọ̀ pé ìpè rẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀rọ kan pàtó. Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí à ń pè lè wà ní Ìbàdàn láàárọ̀, kí ó wà ní Ìlọrin lálẹ́, kí nọ́ńbà rẹ̀ má sì yí padà. Nítorí náà, kí ohùn kankan tó kọjá, àwọn ẹ̀rọ ní láti kọ̀wé sí ara wọn, kí wọ́n wá ẹni náà kàn, kí wọ́n sì bá a ṣe àdéhùn ìpè.

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni à ń pè ní SIP. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé tí ń jẹ́ IETF ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kẹta ọdún 1999, òun kan náà ni ó sì tún un kọ ní oṣù kẹfà ọdún 2002. Títí di òní, SIP ni ó ń darí ọ̀pọ̀ ìlà tẹlifóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ́fíìsì àti ilé ìtajà, àti ìpè tí ń gba orí 4G. WhatsApp ní ètò tirẹ̀ tí kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, nítorí náà SIP ni a ó gbé yẹ̀ wò.

Bí ẹ̀gbọ́n bá tẹ nọ́ńbà àbúrò, ẹ̀rọ rẹ̀ á kọ ìwé ìkésíni kan tí ń jẹ́ INVITE. Á gbé e lé ẹ̀rọ alárinà lọ́wọ́, èyí tí í ṣe ti ilé iṣẹ́ tí ó ta ìlà náà. Gẹ́gẹ́ bí alárinà ìgbéyàwó ti ń ru ọ̀rọ̀ láàárín ìdílé méjì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Á yẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ wò láti mọ ibi tí fóònù àbúrò wà lọ́wọ́lọ́wọ́, á sì darí ìwé náà síbẹ̀, tàbí kí ó gbé e fún alárinà mìíràn tí ó mọ ibẹ̀ jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni kí ẹ fi sọ́kàn lára ìwé náà. Èkíní ni Via. Gbogbo ibi tí ìwé bá kọjá ni ó ń kọ orúkọ tirẹ̀ sí Via, èyí tí ó kọ kẹ́yìn ni ó sì ń wà lókè. Nígbà tí èsì bá ń bọ̀, á máa ka orúkọ wọ̀nyí láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi kọ̀ọ̀kan á yọ orúkọ tirẹ̀ kúrò, títí èsì yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí ó rán iṣẹ́. Èkejì ni Contact, àdírẹ́sì ibi tí ẹni náà fúnra rẹ̀ wà, tí a ó máa kọ̀wé sí lẹ́yìn tí ìpè bá ti wọlé. Ẹ̀kẹta ni Record-Route. Alárinà tí ó bá kọ èyí sí ìwé ń wí pé, "Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé ìkésíni yìí, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ mú un gbà." Ẹ̀kẹrin ni Max-Forwards, iye ibùdó tí ìwé lè kọjá kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Láti orí 70 ni ó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibùdó kọ̀ọ̀kan á yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀.

Èsì náà ní nọ́ńbà. 100 túmọ̀ sí pé ìwé ti dé, wọ́n ń wá ẹni náà. 180 ni pé aago ń dún. 200 ni pé ó ti gbé e. Nígbà tí ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n bá rí 200, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé kékeré kan tí ń jẹ́ ACK ránṣẹ́ padà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Mo ti rí èsì rẹ." Inú ìwé kékeré yìí ni àṣírí ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wà.

Ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélọ́gbọ̀n

Via ni ó mú 180 àti 200 padà wá sí Onitsha láìsí ìdíwọ́, nítorí pé ọ̀nà tí INVITE gbà lọ ni wọ́n gbà bọ̀. Ṣùgbọ́n ACK tí a fi ń dáhùn 200 jẹ́ iṣẹ́ tuntun. Kì í tẹ̀ lé Via àtijọ́. Contact tí fóònù àbúrò kọ ni ó ń wò, àti Record-Route bí ó bá wà. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí fóònù àbúrò kọ: 192.168.1.5. Àdírẹ́sì yìí kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn kọ "yàrá karùn-ún" sí ẹ̀yìn lẹ́tà, láìkọ orúkọ ìlú tàbí nọ́ńbà ilé. Nínú ilé tirẹ̀, gbogbo ènìyàn mọ yàrá karùn-ún. Lójú títì, àìmọye ilé ni ó ní yàrá karùn-ún. Láti ọdún 1996 ni a ti ya irú nọ́ńbà báyìí sọ́tọ̀ fún ìlò inú ilé nìkan. A kì í fi wọ́n dárí ohunkóhun lójú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Ráútà inú ṣọ́ọ̀bù ni ó ń fi nọ́ńbà ìta kan ṣoṣo ṣojú gbogbo wọn.

Bí alárinà kò bá kọ Record-Route, tí kò sì bá àbúrò tún Contact rẹ̀ ṣe, ACK yóò kúrò ní Onitsha, yóò máa wá "yàrá karùn-ún" kiri, kò sì ní dé ibì kankan. Fóònù àbúrò ń retí rẹ̀. Á tún 200 fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, á tún un fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan, lẹ́yìn méjì, lẹ́yìn mẹ́rin, àti lẹ́yìn náà ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ìlànà SIP sọ pé kí ó dúró fún ìlọ́po 64 ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú-àáyá 32. Nígbà tí ó bá pé, fóònù á gbà pé ẹni tí ó pè kò sí níbẹ̀ mọ́, á sì fi ìwé ìdágbére tí ń jẹ́ BYE ránṣẹ́ láti parí ìpè. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ fi wí pé ọ̀dọ̀ àbúrò ni wọ́n ti gé e. Òtítọ́ ni: fóònù rẹ̀ ni ó gé e, ọwọ́ rẹ̀ kọ́.

Ẹnì kan lè béèrè pé báwo ni ohùn ṣe wá ń kọjá ní gbogbo àkókò yìí. Ọ̀nà ohùn àti ọ̀nà ìwé yàtọ̀ sí ara wọn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní ẹ̀rọ mìíràn tí ń gba ohùn lọ́wọ́ ẹnì kan tí ń fi í lé ẹnì kejì lọ́wọ́, tí kò sì ka Contact sí. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ìwé lè pé pérépéré kí ohùn ṣìnà, tí ẹnì kan á máa gbọ́ èkejì, tí èkejì kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Àdírẹ́sì inú ilé yìí kan náà ni ó sábà máa ń fa èyí pẹ̀lú, nígbà tí ó bá wọ apá ibi tí a kọ ọ̀nà ohùn sí nínú ìwé.

Àwọn ọ̀nà mìíràn tí iṣẹ́ ń gbà ṣìnà

Bí nọ́ńbà èsì bá jẹ́ 404, ohun tí alárinà ń wí ni pé òun kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni náà lè wà láàyè, kí fóònù rẹ̀ sì wà ní títàn. Bí a ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo lè yé ẹ̀rọ tí ó wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kí ó má yé alárinà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àyàfi bí a bá yọ òdo náà kúrò tí a fi +234 rọ́pò rẹ̀. Ọ̀ràn mìíràn tún wà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni ènìyàn ti lè kúrò ní ilé iṣẹ́ fóònù kan bọ́ sí òmíràn ní Nàìjíríà láìpa nọ́ńbà rẹ̀ dà. Láti ìgbà náà, iwájú nọ́ńbà kò tó fi mọ ibi tí olóhun wà mọ́. Alárinà tí kò bá yẹ ìwé tuntun wò yóò máa rán iṣẹ́ lọ sí ilé tí ẹni náà ti kó kúrò.

480 ni pé a mọ ẹni náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tó o lásìkò yìí. Ìforúkọsílẹ̀ fóònù ní ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ wákàtí kan, bí fóònù kò bá sì tún un ṣe kí ó tó pé, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé. 408 ni pé a dúró títí, èsì kò wá. Ìwé náà kú sí ibì kan lójú ọ̀nà. 503 ni pé ilé iṣẹ́ náà kò lè ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, bóyá nítorí pé èrò pọ̀ jù.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jùlọ ni 483. Alárinà kan gbà pé èkejì ni ó mọ ẹni náà, èkejì sì gbà pé èkíní ni ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n á máa ju ìwé náà sí ara wọn bí bọ́ọ̀lù títí 70 yóò fi di òdo. Bí kò bá sí Max-Forwards, ìwé kan ṣoṣo ìbá máa yí po títí ayé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ìbá sì dí ọ̀nà pa.

Ọ̀nà a tún máa gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí alárinà ilé iṣẹ́ kan bá wà ní Yúróòpù, ìkésíni láti Onitsha sí Ìbàdàn á gba abẹ́ òkun lọ, á sì gba abẹ́ òkun bọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, ètò íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìpè tí ó gbára lé òkè òkun lè kú láìsí àbùkù kankan ní ṣọ́ọ̀bù méjèèjì. Nítorí kí ọ̀rọ̀ tí ń ti ìlú kan ní Nàìjíríà lọ sí òmíràn má baà máa rìnrìn àjò lọ sí ìlú òyìnbó lásán ni a ṣe dá ibùdó IXPN sílẹ̀, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa ti ń pàdé ara wọn nílé níbí.

Bí onímọ̀ ti ń wá a

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ nípa yíyí ohun gbogbo padà. Á kọ́kọ́ mú ìpè kan ṣoṣo. Ìpè kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí kò jọ ti òmíràn, Call-ID, tí ó wà lára gbogbo ìwé tí ó jẹ mọ́ ọn. Á fi ẹ̀rọ bí sngrep tàbí Wireshark gba ẹ̀dà àwọn ìwé náà sílẹ̀ ní Onitsha, ní ọ̀dọ̀ alárinà àti ní Ìbàdàn, á sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìwé tí ó kúrò níhìn-ín tí kò dé ọ̀hún ni yóò sọ ibi tí àbùkù wà. Bí ó bá rí i pé 200 ń tún ara rẹ̀ sọ léraléra, ó ti mọ̀ pé ACK ni ó sọnù. Yóò ka Contact: ṣé nọ́ńbà inú ilé ni? Yóò ka Record-Route: ṣé alárinà kọ ọ́? Àtúnṣe méjì ni ó sábà máa ń wà: kí alárinà kọ Record-Route, kí ó sì fi nọ́ńbà ìta tí ìwé ti wá ní tòótọ́ rọ́pò nọ́ńbà inú ilé. Ohun kan ni yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dán an wò kí ó tó fọwọ́ kan òmíràn.

Ohun tí ó wà ní ọwọ́ yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ìlà náà kò nílò láti di onímọ̀ ẹ̀rọ. Bí ìpè bá já, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ pè, àti iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó lò. Bí ó bá ń já ní iye kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tí ó ta ìlà náà fún yín. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. "Nẹ́tíwọ̀kì yín kò dára" kò ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n "ó já ní ìṣẹ́jú-àáyá 32, lẹ́ẹ̀mẹ́ta" jẹ́ ẹ̀rí.

Ẹ fi +234 sí iwájú gbogbo nọ́ńbà ará ilé tí ẹ kọ pamọ́, pàápàá bí ẹ bá ní ọmọ tàbí ẹbí ní òkè òkun tí ń lo ìwé nọ́ńbà kan náà. Bí ráútà yín bá ní ohun tí ń jẹ́ SIP ALG, ẹ ní kí ẹni tí ó tò ó bá yín pa á, kí ẹ sì wò bóyá ìpè yóò tọ́. A ṣe é láti máa tún àdírẹ́sì inú ìwé kọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń bà á jẹ́. Kí ẹ sì tó san owó fún ìlà kan, ẹ béèrè ibi tí alárinà wọn wà, bóyá ní Nàìjíríà tàbí ní ìlú mìíràn. Ẹ má sì ṣe gbára lé ọ̀nà kan ṣoṣo fún ọ̀ràn àìsàn tàbí owó ńlá. Bí ti íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ̀, ẹ fi fóònù lásán pè.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ dá ìdájọ́ fún yín. Àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ kì í rí ojú ará ilé lójoojúmọ́. Ohùn wọn nìkan ni a fi ń mọ̀ bóyá inú wọn dùn tàbí ó bàjẹ́. Bí ohùn náà bá dákẹ́ lójijì, kí á ka àkókò, kí á wá ọ̀nà mìíràn pè padà, kí á sì gbọ́ ti ẹnu ẹni náà kí á tó pe ìpàdé ẹbí lé e lórí.